Ilé Gogoro tí Òkun Ń Fọ Ẹsẹ̀ Rẹ̀

Olóòtú ní apá ìtàn ni òun fún mi lọ́tẹ̀ yìí, mo sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín á ti máa retí ogun Kírìjì tàbí ogun Ìjàyè. Ẹ ṣe sùúrù fún mi. Òkèèrè ni mo ń mú yín lọ, sí etí òkun ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Irẹ́lándì, níbi tí ilé òkúta kan wà tí mo lọ fi ojú ara mi rí. Ilẹ̀ Irẹ́lándì kì í kúkú ṣe àjèjì sí wa. Ẹni tó bá lọ sí ilé-ìwé Kátólíìkì nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, tàbí tí bàbá rẹ̀ lọ, ó mọ àwọn Fadá ará Irẹ́lándì tí wọ́n gbọ́ Yorùbá ju bí àwọn ọmọ kíláàsì ṣe rò lọ, tí wọn ò sì fi pàṣán ṣeré rárá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti ọ̀rọ̀ ìwé la fi mọ̀ wọ́n. A ò mọ̀ wọ́n mọ ọkọ̀ ojú omi, bẹ́ẹ̀ ni a ò gbọ́ rí pé obìnrin kan wà láàrin àwọn baba ńlá wọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń bẹ̀rù lójú òkun.

Rockfleet ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ilé náà. Lédè onílẹ̀, Carraig an Chabhlaigh ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni Àpáta Ọ̀wọ́ Ọkọ̀. Ẹkùn Mayo ló wà, nítòsí ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Newport, níbi tí òkun Àtìláńtíìkì ti yà wọ inú ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Clew Bay. Àwọn ará ibẹ̀ á sọ fún ọ pé erékùṣù 365 ló wà nínú omi náà, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún. Ẹnu lásán nìyẹn, àmọ́ wọ́n pọ̀ lóòótọ́, wọ́n rí roboto bí ẹ̀yìn ìjàpá tó yọ lójú omi. Níhà gúúsù ni òkè Croagh Patrick dúró sí, mítà 764 ni gíga rẹ̀, òun sì ni àwọn onígbàgbọ́ máa ń gùn ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù Keje lọ́dọọdún, àwọn mìíràn láìwọ bàtà. Clare Island ló wà lẹ́nu ọ̀nà ibi tí omi náà ti ń bọ́ sí òkun gbalasa, bí ẹni pé oníbodè ni.

Ọ̀dọ̀ ọmọ kíláàsì wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Dublin ni mo dé sí. Nígbà tí mo ní ilé àtijọ́ ni mo fẹ́ lọ wò, ó wò mí títí, ó ní ṣé kò sí ọjà tí mo fẹ́ rà ni. Àmọ́ ó tẹ̀lé mi. Ká sòótọ́, ilé náà ò tóbi. Ẹni tó bá ń retí ààfin ńlá bíi ti Windsor, ó máa bi ara rẹ̀ pé ṣé ibi tí mo ń sáré bọ̀ náà rèé. Òkúta aláwọ̀ eérú ni, ó dúró ṣánṣán, igun mẹ́rin, fèrèsé rẹ̀ tín-ín-rín, wọ́n sì so ilé kékeré kan bí àpótí mọ́ igun òkè rẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́. Gíga rẹ̀ lé ní mítà 18. Orí àpáta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, pẹ̀lú ewéko òkun tó ń yọ̀ bí ilá. Bí òkun bá kún, omi á dé ìdí ògiri. Bí ó bá fà, ẹrẹ̀ àti òkúta dúdú ló máa kù. Ilẹ̀kùn wà ní títì lọ́jọ́ tí a débẹ̀, nítorí náà ohun tí mo mọ̀ nípa inú rẹ̀, kíkà ni mo kà á: àjà mẹ́rin, àtẹ̀gùn òkúta tó ń lọ́ bí ìkarahun ìgbín, ẹrù nísàlẹ̀, olúwa ilé lókè pátápátá. Wọ́n ní ihò kan wà lára ògiri yàrá òkè náà tí onílé máa ń ki okùn ọkọ̀ rẹ̀ gbà, á so ó mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn kó tó sùn. Bí olè bá fọwọ́ kan ọkọ̀ lóru, ibùsùn á mì. Ọ̀rẹ́ mi ní àláàmù mọ́tò ayé àtijọ́ nìyẹn.

Irú ilé gogoro báyìí kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo ní Irẹ́lándì. Láti bíi ọdún 1400 títí dé bíi 1650 ni àwọn ìjòyè àti olówó ń kọ́ wọn káàkiri, nítorí kò sí ẹni tó fọkàn tán aládùúgbò rẹ̀. Lọ́dún 1429, Ọba Henry Kẹfà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ ṣe òfin pé kí wọ́n fún ẹni tó bá kọ́ ọ̀kan ní àwọn ẹkùn tó yí Dublin ká ní owó ìrànwọ́ £10. Àmọ́ ẹ̀bá Dublin nìyẹn. Ní Mayo, kò sí ẹni tó ń dúró de owó ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìdílé Bourke ló ni Rockfleet. Ọ̀nà tó gbà bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ìdílé O'Malley lẹ́yìn náà ni ìtàn wa.

Àwọn O'Malley, tí wọ́n ń pè ní Uí Mháille lédè wọn, ìdílé olókun ni wọ́n. Àwọn ìdílé ìjòyè tó kù ń fi màlúù àti ilẹ̀ ṣọrọ̀, àwọn yìí ń fi ọkọ̀ ṣe é. Ọ̀rọ̀ àmì-ìdílé wọn ní èdè Látìn sọ pé alágbára ni wọ́n lórí ilẹ̀ àti lójú omi. Wọ́n ń pẹja, wọ́n ń ṣòwò dé Sípéènì, wọ́n ń gba owó oníbodè lọ́wọ́ ọkọ̀ tó bá gba omi wọn kọjá, ẹni tí kò bá sì san, wọ́n á kó ẹrù rẹ̀. Ká má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, olè jíjà wà nínú ẹ̀. Àmọ́ àwọn oníṣòwò Galway tó ń pè wọ́n lólè náà ò jẹ́ kí wọ́n rọ́wọ́ mú nínú ọjà ìlú tiwọn.

Ní bíi ọdún 1530 ni wọ́n bí Gráinne fún Eoghan Dubhdara, olórí ìdílé náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí kò lè pe orúkọ rẹ̀ sọ ọ́ di Grace O'Malley. Granuaile ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Wọ́n ní ìgbà tó wà lọ́mọdé, ó fẹ́ bá bàbá rẹ̀ lọ sí Sípéènì, wọ́n ní irun gígùn obìnrin á há mọ́ okùn ọkọ̀. Ọmọ yìí mú ọ̀bẹ, ó gé irun rẹ̀ kúrò porogodo, ni wọ́n bá ń pè é ní Gráinne Mhaol, Gráinne Apárí. Bóyá òótọ́ ni, bóyá wọ́n hun ìtàn náà mọ́ orúkọ, èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lé e lórí.

Bíi ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó fẹ́ Dónal Ó Flaithbheartaigh, ìjòyè kan láti gúúsù. Ó bí Owen, Murrough àti Margaret fún un. Nígbà tí Dónal kú, Gráinne pa dà sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ó fi Clare Island ṣe ibùdó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ sì tẹ̀lé e. Ìyẹn gan-an ló yà mí lẹ́nu. Ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ lójú Àtìláńtíìkì ò ní tẹ̀lé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wà, bó ti wù kí orúkọ bàbá rẹ̀ tóbi tó.

Ní bíi 1566 ló fẹ́ ọkọ kejì, Risdeárd Bourke, tí wọ́n ń pè ní Risdeárd Onírin. Rockfleet ni ilé rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun táwọn ará Mayo máa ń sọ: wọ́n ní àdéhùn ọdún kan ni Gráinne bá a ṣe, pé bí ọdún bá yí po, ẹnikẹ́ni nínú wọn lè ní òun ò ṣe mọ́. Ọdún pé, Risdeárd jáde lọ, ìgbà tó fi máa dé, ìyàwó ti tilẹ̀kùn, gbogbo ẹ̀ṣọ́ ti di ti ìyàwó, ó sì kígbe sí i láti òkè pé òun ti kọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gba ilé gogoro. Ìtàn dídùn ni, gbogbo ìwé arìnrìn-àjò ló ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé àwọn méjèèjì ṣì jọ wà. Nígbà tí Sir Henry Sidney, aṣojú ọbabìnrin ní Irẹ́lándì, wá sí Galway ní bíi 1576, tọkọtaya yìí jọ wá kí i ni, Gráinne sì fi ọkọ̀ alájẹ̀ 3 àti jagunjagun 200 lọ̀ ọ́. Sidney kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé ìyàwó ju ọkọ lọ lórí omi àti lórí ilẹ̀. Títí tí Risdeárd fi kú ní 1583, ìwé ò sọ pé wọ́n túká. Èmi fara mọ́ ìwé níbí yìí.

Ọmọkùnrin kan ni wọ́n bí, Tibbot, ní bíi 1567. Tibbot ti Àwọn Ọkọ̀ Ojú Omi ni orúkọ tí wọ́n fi pè é, nítorí wọ́n ní inú ọkọ̀ ni wọ́n bí i sí. Àtẹnudẹ́nu ní ọjọ́ kejì tó bímọ ni àwọn ọlọ́ṣà òkun láti Àríwá Áfíríkà kọlu ọkọ̀ wọn, tí àwọn ọkùnrin sì ń ti ẹ̀yìn rìn. Ìyá ọlọ́mọ jáde láti ìsàlẹ̀, ó ṣépè fún gbogbo wọn pé wọn ò lè dá wà lọ́jọ́ kan ṣoṣo láìsí òun, ó sì gbé ìbọn. Ẹni tó bá mọ bí ìyá ṣe máa ń rí bí wọ́n bá jí i lójú oorun lẹ́yìn ìrọbí, kò ní jiyàn púpọ̀.

Ohun tó dájú ni ti oṣù Kẹta ọdún 1574. Ọ̀gágun William Martin kó ọmọ ogun wá láti Galway, wọ́n dó ti Rockfleet láti kápá obìnrin náà. Mo dúró lẹ́bàá ògiri yẹn, mo wo omi tó jìnnà dé ibi tí ọkọ̀ lè gbà wọlé, ó sì yé mi ìdí tí wọ́n fi pàdánù. Ibi tóóró ni, erékùṣù bo ojú ọ̀nà, ẹni tí kò bá mọ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà, ẹrẹ̀ ló máa jókòó lé. Gráinne ò kàn dúró sínú ilé. Ó yíjú ogun pa dà, ó lé wọn, Ọ̀gágun Martin fúnra rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má bọ́.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń borí. Ní 1577, ó lọ kó ẹrù nílẹ̀ Ọba-ìjòyè Desmond, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní Limerick, wọ́n tún gbé e lọ sí Dublin Castle. Ó tó ọdún kan àbọ̀ kó tó jáde ní 1579. Nígbà tí Risdeárd kú, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ àti màlúù pẹ̀lú abo ẹṣin 1,000, ó wá tẹ̀dó sí Rockfleet. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ iye yẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ikú àti ìyè ni ìgbà tí Sir Richard Bingham di gómìnà Connacht ní 1584. Ọkùnrin yìí kò mọ ẹ̀bẹ̀. Ní 1586, arákùnrin rẹ̀, John Bingham, kó ọmọ ogun dé ọ̀dọ̀ Owen, àkọ́bí Gráinne. Owen gbà wọ́n lálejò. Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán, wọ́n dè é, wọ́n kó màlúù rẹ̀ lọ, lóru wọ́n ní ó fẹ́ sá, wọ́n sì pa á. Ìyá rẹ̀ sọ fún ìjọba pé ọgbẹ́ 12 ló wà lára rẹ̀. Bingham mú Gráinne náà, ó ti ní kí wọ́n ri igi tí wọ́n máa gbé e kọ́ mọ́lẹ̀, kí ọkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó dúró fún un. Màlúù 1,000 yẹn lọ pátápátá. Nígbà tí Murrough, ọmọ rẹ̀ kejì, wá lọ darapọ̀ mọ́ Bingham, ìyá rẹ̀ wa ọkọ̀ lọ bá a, ó jó ìlú rẹ̀, ó kó ẹran rẹ̀, ó sì pa nínú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọmọ inú ara rẹ̀ o.

Nígbà tó di 1593, Bingham ti mú Tibbot, àbíkẹ́yìn, lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba. Ó tún mú Dónal, àbúrò Gráinne. Ó ti kọ̀wé sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù pé obìnrin yìí ló ti ń tọ́ gbogbo ọ̀tẹ̀ ẹkùn náà dàgbà láti ogójì ọdún wá. Ẹni tó ti pa Owen kò ní ṣòro fún láti pa Tibbot. Gráinne ò kó ogun jọ. Ìwé ló kọ, ó kọ ọ́ sí Elizabeth, ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, ó tọrọ ohun tí á máa jẹ títí ó fi máa kú, ó sì tọrọ àṣẹ láti fi idà àti iná gbógun ti gbogbo ọ̀tá ọbabìnrin. Ẹ rí ọgbọ́n yẹn? Ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń gba láísẹ́ǹsì lẹ́ẹ̀kan náà.

Lord Burghley, olórí àwọn ìgbìmọ̀ ọbabìnrin, fi ìbéèrè 18 ránṣẹ́ sí i, ó dáhùn gbogbo rẹ̀ ní oṣù Keje. Àwọn ìdáhùn yẹn wà dòní. Nínú wọn ló ti ṣàlàyé pé lábẹ́ òfin ìbílẹ̀ wọn, bí ìjòyè bá kú, opó rẹ̀ ò ní ìdá kan nínú mẹ́ta dúkìá bíi ti opó Gẹ̀ẹ́sì; ohun tó gbé wá sílé ọkọ nìkan ló lè gbà pa dà, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni gbèsè ọkọ ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tí ẹ ń ka èyí, ẹ ò nílò kí n túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí àwọn ènìyàn ń pè ní ọbabìnrin àwọn ọlọ́ṣà, ọ̀rọ̀ opó tí wọn ò fún ní ogún ló ń rò níwájú ìjọba.

Ó wá gba ojú òkun lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀. Ó tó bí ẹni ọdún 63. Ní Greenwich, ní oṣù Kẹsàn-án 1593, ó rí Elizabeth, tí òun náà ń pé ọgọ́ta ọdún nínú oṣù yẹn gan-an. Wọ́n ní èdè Látìn ni wọ́n fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n tún ní Gráinne sín, ìjòyè kan fún un ní áńkáṣíìfù olówó iyebíye, ó fi nu imú, ó sì jù ú sínú iná; wọ́n ní ó yẹ kó fi sápò, ó ní ní ìlú tòun, wọn kì í tọ́jú ohun ìdọ̀tí sára. Àwòrán ìpàdé náà tí ẹ máa ń rí nínú ìwé, 1793 ni wọ́n yà á, ọgọ́rùn-ún ọdún méjì lẹ́yìn náà. Ẹni tó yà á ò débẹ̀.

Lẹ́tà tí Elizabeth kọ sí Bingham ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án 1593 kì í ṣe àtẹnudẹ́nu ní tiẹ̀. Ó ní kí wọ́n tú ọmọ àti àbúrò rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa fún ìyá náà ní ohun tí á jẹ láti inú ilẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Bingham tú Tibbot sílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó kó sọ́jà lọ jókòó ti Gráinne lọ́rùn, kí wọ́n máa jẹ ẹ́ tán, àfìgbà tó sá kúrò nílé. Ní 1595 ó tún pa dà sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù lọ fẹjọ́ sùn. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Bingham náà sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìgbàṣẹ, wọ́n sì tì í mọ́lé.

Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn akọrin Irẹ́lándì sọ Granuaile di orúkọ ìlú wọn fúnra rẹ̀, bí ẹni pé òmìnira ló fi gbogbo ayé rẹ̀ jà fún. Tèmi ò lọ síbẹ̀. Ìdílé rẹ̀ ló jà fún, àti omi rẹ̀. Tibbot jà fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Kinsale ní 1601, ní 1627 wọ́n fi í jẹ oyè Viscount Mayo. Ní 1601 yẹn kan náà, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Charles Plessington, bá ọkọ̀ Gráinne jà lójú òkun àríwá: àjẹ̀ 30, oníbọn 100. Kò jẹ́ nǹkan kan fún un láti bẹ ọbabìnrin lónìí kó sì bá ọkọ̀ rẹ̀ jà lọ́la.

Ó kú ní bíi 1603, Clare Island ni wọ́n ní wọ́n sin ín sí. Láàrin 1632 sí 1636, àwọn akọ̀wé ìtàn Irẹ́lándì tí wọ́n ń pè ní Àwọn Olùkọ́ Mẹ́rin kó ìtàn orílẹ̀-èdè wọn jọ. Wọ́n kọ nípa àwọn ọkọ rẹ̀, wọ́n kọ nípa àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Orúkọ Gráinne ò sí níbẹ̀. Bí kì í bá ṣe lẹ́tà àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń bú u, ìtàn irun àti áńkáṣíìfù nìkan ni ì bá kù. Ìgbà tí Anne Chambers tú àwọn lẹ́tà náà wò, tó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1979, ni àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí obìnrin náà gan-an. Láti ọdún 2000 ni ọkọ̀ tó ń tọ́jú àwọn iná atọ́nà ojú òkun Irẹ́lándì ti ń jẹ́ Granuaile.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tí ẹ fẹ́ lọ wò ó, ẹ dé Dublin, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Heuston lọ sí Westport, ó lé ní wákàtí mẹ́ta. Ààfin Westport House tó wà níbẹ̀, orí ilẹ̀ ilé òkúta O'Malley kan ni wọ́n kọ́ ọ sí, àwọn ọmọ-ọmọ Gráinne ló sì kọ́ ọ. Láti Westport, ẹ wọ mọ́tò lọ sí Newport, ẹ kọjá ìlú díẹ̀ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, ẹ máa rí ọ̀nà kékeré tó yà sí òsì lọ sétí omi. Ẹ béèrè ìgbà tí òkun máa fà kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì wọ bàtà tí ẹrẹ̀ ò ní bà jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi wọ bàtà funfun.